Obì, kọfí, tíì àti ẹ́nájì: Kí ni kafíìnì ń ṣe lára wa, ibo ló sì yẹ ká ti dúró?

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí òkè Ọya tó gbéra ní gáréèjì, awakọ̀ á ra obì gbànja méjì tàbí mẹ́ta. Á ju ọ̀kan sẹ́nu, á kó ìyókù síwájú ọkọ̀. Ní àdúgbò kejì, akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìdánwò lọ́la ń po kọfí tó ki, kò sí mílíìkì níbẹ̀. Ìyá oníṣòwò tó ti wà nínú oòrùn látàárọ̀ mu tíì gbígbóná, ó sì fi oògùn ẹ̀fọ́rí méjì lé e. Níbi òde àríyá, àwọn géńdé ń po ẹ́nájì mọ́ ọtí.

Kò sí èyí tó mọ ẹnì kejì nínú wọn, àmọ́ nǹkan kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Kafíìnì lorúkọ rẹ̀.

Kafíìnì kì í ṣe májèlé. Kì í sì í ṣe oògùn ajẹ́bíidán. Ó ní iṣẹ́ rere tó ń ṣe lára, ó sì ní aburú tó lè fà. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ iye tó ń wọ ara wọn lójúmọ́, torí pé ọ̀nà tó ń gbà wọlé pọ̀. Ẹni tó ń sọ pé òun kì í mu kọfí lè ti kó o wọ inú láti ara obì, ẹlẹ́rìndòdò àti oògùn ẹ̀fọ́rí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ibo ni kafíìnì ti ń wá?

Inú èso àti ewé àwọn igi kan ló wà. Ó korò lẹ́nu, àwọn onímọ̀ sì gbà pé igi ń fi í lé kòkòrò tó fẹ́ jẹ ẹ́ ni. Lọ́dún 1819 ni onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Jámánì kan, Friedlieb Ferdinand Runge, yọ ọ́ jáde láti inú èso kọfí. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ ni àwọn baba wa ti mọ̀ pé ẹni tó bá jẹ obì, oorun kì í tètè kùn ún.

Oríṣi obì méjì ló wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ Yorùbá. Àkọ́kọ́ ni obì àbàtà, tó máa ń ní awẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun la sábà máa ń rí níbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Èkejì ni gbànja, tí awẹ́ rẹ̀ kì í sábà ju méjì lọ. Òun ni àwọn oníṣòwò ń kó láti Ṣágámù àti agbègbè rẹ̀ lọ sí òkè Ọya, níbi tí àwọn Hausa ti ń pè é ní gooro. Àwọn méjèèjì ló ní kafíìnì. Nínú obì tó ti gbẹ, kafíìnì máa ń tó bí ìdá 1 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀. Ti orógbó yàtọ̀. Lóòótọ́ la máa ń gbé àwọn méjèèjì kalẹ̀ sínú àwo kan náà, àmọ́ igi orógbó kì í ṣe ẹbí igi obì rárá.

Igi kòkó gan-an ni ẹbí igi obì, ìdí sì nìyí tí kafíìnì díẹ̀ fi wà nínú ṣokoléètì àti ohun mímu oníkòkó. Irúgbìn márùn-ún ni iléeṣẹ́ ìwádìí Cocoa Research Institute of Nigeria tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́, nílùú Ìbàdàn, ń mójú tó: kòkó, obì, kọfí, tíì àti kajú. Nínú wọn, kajú nìkan ni kò ní kafíìnì.

Ẹlẹ́rìndòdò dúdú náà wà níbẹ̀. Nígbà tí John Pemberton po Coca-Cola àkọ́kọ́ nílùú Atlanta, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́dún 1886, ara obì ni wọ́n ti mú ‘Cola’ tó gbẹ̀yìn orúkọ náà.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fura sí ni oògùn. Àwọn oògùn ẹ̀fọ́rí kan ní kafíìnì nínú, torí pé ó máa ń ran oògùn tó ń pa ìrora lọ́wọ́. Àpẹẹrẹ kan ni Panadol Extra. Hóró kan rẹ̀ ní 500 mílígíráàmù parasẹtamọ́ọ̀lù àti 65 mílígíráàmù kafíìnì. Ẹni tó bá lo méjì lẹ́ẹ̀kan ti gbé 130 mílígíráàmù mì. Ìyẹn ju kọfí ife méjì tí wọ́n fi kọfí onílẹ́bú po lọ. Tí ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá lo oògùn náà nígbà tó fẹ́ sùn, tó ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún títí di òru, kó má wulẹ̀ sọ pé ayé ń ṣe òun.

Báwo ló ṣe ń lé oorun lọ?

Láti ìgbà tí èèyàn bá ti jí láàárọ̀ ni èròjà kan tó ń jẹ́ àdẹ́nósìnì ti ń kó jọ díẹ̀díẹ̀ nínú ọpọlọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún ọpọlọ pé ó ti rẹ ara, kó wá lọ sinmi. Bó bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ojú á máa wúwo. Tí èèyàn bá sùn dáadáa, á dín kù, ara á sì tún jí pépé.

Ẹ jẹ́ ká fi bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún ṣe àpèjúwe. Àdẹ́nósìnì ló ni àga inú bọ́ọ̀sì náà, àmọ́ kafíìnì jọ ọ́ débi pé ó lè jókòó sí àyè rẹ̀ láìsí ẹni tó máa dá a mọ̀. Tí kafíìnì bá ti jókòó, ìta ni àdẹ́nósìnì máa dúró sí. Ọpọlọ ò ní gbọ́ pé ó ti rẹ ara, ojú á dá. Àmọ́ àwọn tó wà níta yẹn kò lọ sílé o. Ńṣe ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Ìgbà tí kafíìnì bá wá sọ̀kalẹ̀, gbogbo wọn á rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó ti ń fi obì tàbí ẹ́nájì lé oorun láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn lè sùn lọ lójijì láìmọ̀.

Nítorí náà, kafíìnì kì í fún ara lágbára tí kò ní tẹ́lẹ̀. Ó kàn ń bo àárẹ̀ mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀ ni. Owó yíyá ni, kì í ṣe owó oṣù. Oorun téèyàn ò sùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ bíi gbèsè.

Àǹfààní rẹ̀

Pẹ̀lú gbogbo èyí, a ò lè sọ pé kafíìnì ò dára. Tí kò bá ti pọ̀ jù, ó ń jẹ́ kí ọkàn pa pọ̀ sójú kan, kí èèyàn tètè ta padà sí nǹkan tó bá ṣẹlẹ̀ lójijì, kí iṣẹ́ tó ń súni má sì tètè mú oorun wá.

Ó ń ran àwọn eléré ìdárayá lọ́wọ́ náà, pàápàá àwọn tó ń sá eré ọ̀nà jíjìn. Nígbà kan, ó wà lára àwọn nǹkan tí wọ́n fòfin dè fún àwọn eléré ìdárayá bó bá pọ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, àmọ́ láti ọdún 2004 ni àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti lílo oògùn nínú eré ìdárayá ti yọ ọ́ kúrò.

Ilé ìwòsàn náà ń lò ó. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù máa ń gbàgbé láti mí nígbà míì, torí pé apá ibi tó ń darí èémí nínú ọpọlọ wọn kò tí ì gbó tán. Oògùn tí àwọn dókítà sábà ń fún wọn ni kafíìnì tí wọ́n ti ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì wà lára àwọn oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí kò-ṣeé-má-nìí. Dókítà àti nọ́ọ̀sì ló ń wọn ìyẹn o. Kí ẹnikẹ́ni má lọ fún ọmọ ní omi obì nílé.

Ọ̀pọ̀ ìwádìí tún ti fi hàn pé àwọn tó ń mu kọfí níwọ̀ntúnwọ̀nsì kì í sábà ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, àìsàn ẹ̀dọ̀ àti àrùn Parkinson tó ń mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n tó àwọn tí kì í mu ún. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò tíì tó ẹ̀rí pé kọfí gan-an ló dáàbò bò wọ́n, torí náà kò sí dókítà tó máa ní kí aláìsàn fi kọfí rọ́pò oògùn rẹ̀.

Èló ló pọ̀ jù?

Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ nílẹ̀ Yúróòpù ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2015. Wọ́n ní kafíìnì tí kò bá ju 400 mílígíráàmù lọ lójúmọ́ kì í sábà ṣe àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le ní jàǹbá, bí kò bá ti ju 200 lọ lẹ́ẹ̀kan. Fún aboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn, 200 lójúmọ́ ni wọ́n fi òpin sí. Iye tó sábà máa ń wà nínú àwọn nǹkan tí à ń mu nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó po ó máa ń mú kó yàtọ̀:

- Kọfí onílẹ́bú, ife kan: nǹkan bí 60 mílígíráàmù
- Kọfí tí wọ́n lọ tí wọ́n sì sẹ́, ife kan: nǹkan bí 95
- Tíì, ife kan: nǹkan bí 45
- Ẹlẹ́rìndòdò dúdú, agolo kan: nǹkan bí 35
- Ẹ́nájì, agolo kékeré kan: nǹkan bí 80
- Ẹ́nájì, ike ńlá tó gba ìdajì lítà: ó lè tó 160
- Oògùn ẹ̀fọ́rí oníkafíìnì, hóró méjì: 130

Obì ò sí níbẹ̀ torí pé kò sí ẹni tó kọ nǹkan sí obì lára. Ọ̀kan lè tóbi ju èkejì lọ ní ìlọ́po méjì. Ohun tó dáa ni kí ẹni tó ń jẹ obì kà á kún un bíi kọfí, kó má kà á sí ìpápánu lásán.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣe ìṣirò fún ìyá oníṣòwò yẹn. Kọfí kan láàárọ̀, 60. Ẹlẹ́rìndòdò kan lọ́sàn-án, 35. Tíì kan nírọ̀lẹ́, 45. Oògùn ẹ̀fọ́rí méjì, 130. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 270. Tí ara rẹ̀ bá le, kò tíì kọjá ààlà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ó lóyún, ó ti fi 70 kọjá iye tí wọ́n ní kó máà kọjá, ó sì lè máa rò pé kọfí kan ṣoṣo lòun mu.

Aago tún ṣe pàtàkì

Lára àgbàlagbà, ó máa ń gba nǹkan bíi wákàtí 5 kí ara tó lo ìdajì kafíìnì tó wọlé. Ẹni tó bá mu ike ńlá ẹ́nájì ní aago 6 ìrọ̀lẹ́ ṣì ní nǹkan bí 80 mílígíráàmù lára ní aago 11 alẹ́. Bí ẹni mu agolo kékeré kan kó tó forí lé ìrọ̀rí ni. Ní aago 4 ìdájí, 40 ṣì wà nílẹ̀. Ó lè sùn lóòótọ́, àmọ́ oorun náà ò ní wọra. Tó bá dàárọ̀, ara á wúwo, á sì tún wá òmíràn mu. Bí èèyàn ṣe ń ko gbèsè sórí gbèsè nìyẹn. Ìmọ̀ràn tó rọrùn ni pé kéèyàn má lo kafíìnì mọ́ tí ọ̀sán bá ti pọ́n dáadáa.

Ara kì í rí bákan náà. Sìgá mímu máa ń jẹ́ kí kafíìnì tètè jáde lára. Oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí oníhóró máa ń jẹ́ kó pẹ́. Oyún ń jẹ́ kó pẹ́ gan-an, ó lè tó wákàtí 15 kí ìdajì tó lọ nígbà tí oyún bá ti dàgbà. Oògùn ciprofloxacin tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò fún àìsàn kòkòrò náà máa ń dá kafíìnì dúró lára, torí náà, kọfí kan lè ṣe bíi méjì lára ẹni tó wà lórí oògùn yẹn.

Àwọn tó yẹ kó ṣọ́ra jù

Aboyún: Kafíìnì máa ń gba inú ibi ọmọ kọjá sọ́dọ̀ ọmọ inú oyún, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ara ọmọ ò tíì lè fọ́ ọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn aboyún tó ń lo ju 300 mílígíráàmù lọ lójúmọ́ níyànjú pé kí wọ́n dín in kù, kí ewu kí oyún wálẹ̀ tàbí kí ọmọ fúyẹ́ jù lè dín kù. Aboyún tó ń jẹ obì kí èébì má bàa gbé e ní láti sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì tó bá lọ sí kílíníìkì.

Ẹlẹ́jẹ̀ ríru: Kafíìnì máa ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè fúngbà díẹ̀, pàápàá lára ẹni tí kò mọ́ lára. Tí ẹ bá fẹ́ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ má mu kọfí, ẹ má sì jẹ obì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, kí èsì má bàa tan dókítà jẹ.

Ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń já: Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì, tó ń bẹ̀rù láìnídìí, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kó kọ́kọ́ wo iye kafíìnì tó ń lò. Ẹni tí ikùn máa ń ta á lẹ́nu tàbí tó ní ọgbẹ́ inú lè rí i pé obì àti kọfí ń dá kún un, pàápàá tí kò bá tíì jẹun.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó: Tíì máa ń dí ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin tó wà nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Kafíìnì kọ́ ló ń fa èyí, èròjà mìíràn tó wà nínú tíì ni. Tí ẹ bá jẹun tán, ẹ dúró tó bíi wákàtí kan kí ẹ tó mu tíì.

Àwọn ọmọdé: Ara wọn kéré, agolo kan sì lè pọ̀ jù fún wọn. Àwọn dókítà ọmọdé lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ gbangba pé ẹ́nájì kì í ṣe ohun mímu ọmọdé àti ọ̀dọ́langba. Ká tó wá sọ̀rọ̀ ṣúgà inú rẹ̀.

Ẹ́nájì àti ọtí

Ọtí ń mú kí ojú kún, ẹ́nájì ń lé oorun lọ. Tí wọ́n bá pò wọ́n pọ̀, ẹni tó mu ún á máa rò pé ojú òun ṣì dá, ọtí kò pa òun. Irọ́ ni. Bí ọtí ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ kò yí padà, kafíìnì ò lè yọ ọ́ kúrò. Ẹni bẹ́ẹ̀ á tún máa mu sí i, ó sì tún lè ní òun máa wakọ̀. Lọ́dún 2010, àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ tó ń po kafíìnì mọ́ ọtí sínú agolo kan náà pé kò bófin mu. Èyí tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ pò lórí tábìlì kò yàtọ̀ sí ìyẹn.

Bí èèyàn bá fẹ́ dín in kù

Ara tó ti mọ́ kafíìnì lójoojúmọ́ máa ń bèèrè rẹ̀. Tí kò bá rí i, ẹ̀fọ́rí lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 12 sí 24, ara á rẹ èèyàn, inú á máa bí i sódì. Ó lè gba ọjọ́ díẹ̀ títí dé ọ̀sẹ̀ kan kó tó lọ. Ẹ̀fọ́rí tó ń ṣe àwọn kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ààwẹ̀ Ràmàdáánì tàbí Lẹ́ǹtì lè jẹ́ látara èyí. Kì í ṣe ebi nìkan.

Má ṣe já a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ń mu mẹ́ta lójúmọ́, kó mu méjì fún bí ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ọ̀kan. Kó tó di pé ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló dáa kéèyàn ti máa dín in kù. Kẹ́ ẹ sì máa ka ara agolo àti páálí oògùn, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti iye kafíìnì tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Fún ẹni tó ń wakọ̀ lóru

Ọ̀rọ̀ náà tún padà sí gáréèjì. Awakọ̀ tó jẹ obì kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, torí pé obì lè jẹ́ kí ojú rẹ̀ là fúngbà díẹ̀. Àmọ́ àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Loughborough nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dán an wò lára àwọn awakọ̀ tí oorun ń kùn, wọ́n sì rí i pé ohun tó ṣiṣẹ́ jù ni kí wọ́n mu kọfí, kí wọ́n sì sun oorun bí ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn rẹ̀. Kafíìnì máa ń gba nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Láàárín ìgbà tó ń bọ̀ yẹn, oorun díẹ̀ á ti dín àdẹ́nósìnì kù, awakọ̀ á sì jí pẹ̀lú àǹfààní méjèèjì.

Torí náà, tí ojú bá ti ń pa dé, tí orí ń mì, tí awakọ̀ ò rántí ìlú tó kọjá kẹ́yìn, kì í ṣe obì kẹrin ló kàn. Kó wá ibi tó láàbò, kó páàkì, kó sùn díẹ̀. Kí èrò ọkọ̀ náà má bínú sí i. Ká pẹ́ dé sàn ju ká má dé lọ.

À ń gbàdúrà pé obì á bi ikú dànù fún wa, àmín. Àmọ́ iṣẹ́ tí oorun ń ṣe lára, obì ò lè bá a ṣe é.